Ọkà Kan, Bíà Méjì: Ọ̀rọ̀ Èmi àti Àbúrò Mi Nípa Bíà Àlìkámà

Àbúrò mi, gbọ́ tèmi. Bí o bá fẹ́ pọn bíà fún àlejò nílé rẹ, má ṣe pọn oríṣi kan ṣoṣo kí o wá gbé e síwájú gbogbo ayé. Pọn méjì. Ọkà kan náà, ọjọ́ kan náà, iná kan náà: èyí tó le fún àwọn tó ti pinnu pé yàrá àlejò rẹ làwọn máa sùn, èyí tó fúyẹ́ fún àwa tí a ṣì máa wa ọkọ̀ lọ sílé. Àlìkámà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bíà rẹ̀ máa ń rú láti ilé wá, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ìdí tí tìrẹ kò fi mọ́ gaara.

Ìwọ náà mọ bí Hampton wa ní Georgia níbí ṣe rí. Ọkọ̀ ojú irin MARTA ti Atlanta kò dé ibí. Ẹni tó bá wá kí ọ, mọ́tò ara rẹ̀ ló gbé wá, òun náà ló sì máa gbé e padà. Bí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ bá sì ti tó 0.08 ní Georgia, ọ̀rọ̀ ti di ti ọlọ́pàá. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìgò èyí tó fúyẹ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó le, mo ti rí i pé àwa obìnrin la kọ́kọ́ ń nawọ́ sí i, àwọn ọkùnrin á sì tẹ̀ lé wa láìsọ nǹkan kan.

Ọjọ́ tó dára jù láti pọn ọtí ní ìlú yìí ni ọjọ́ ìdíje mọ́tò. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń sáré ní Atlanta Motor Speedway, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí EchoPark Speedway lọ́dún 2025. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà 19/41 á dí pa, ariwo á gba gbogbo àdúgbò, kò sí ibi tí o fẹ́ gbà lọ. Odindi ọ̀sán tí iṣẹ́ yìí ń gbà, o ti rí i nìyẹn. Jókòó sílé, kí o gbé iná sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí ẹ̀rù òfin má bà ọ́. Ọmọ Georgia gan-an ló fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1978, Jimmy Carter, ará Plains, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, buwọ́ lu òfin tó gba aráàlú láàyè láti pọn bíà nílé láìsan owó orí, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1979. Kó tó dìgbà náà, o lè ṣe wáìnì nínú ilé rẹ kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́, ṣùgbọ́n bíà kò sí nínú ohun tí wọ́n fàyè gbà. Gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún ni òfin ìjọba àpapọ̀ gbà fún ilé tí àgbàlagbà kan ṣoṣo wà, 200 fún ilé tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Alabama tó jẹ́ aládùúgbò wa kò gbà á rárá títí di ọdún 2013. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá rántí Billy, àbúrò Carter, tó gbé Billy Beer jáde lọ́dún 1977 tí ọjà náà kò sì pẹ́ tó fi wọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ṣe òfin, àbúrò ló ta bíà, tẹ̀gbọ́n ló tọ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ló kù. Bí o bá ti sẹ́ ògì rí, o ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Omi àkọ́kọ́ tó gba ojú aṣọ kọjá máa ń ki. Bí o bá tún da omi sórí èérí, èyí tó máa jáde á fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ògì ṣì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkà tí a pò mọ́ omi gbígbóná. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn kúrò lára rẹ̀ dùn débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Omi kejì dùn díẹ̀. Àwọn ará England ayé ìgbà kan kì í jẹ́ kí omi kejì yìí ṣòfò. Omi àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń pọn bíà àwọn ọ̀gá, wọ́n á fi omi kejì pọn èyí tí ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọmọ ilé ń mu mọ́ oúnjẹ.

Má rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni mo ń kó wọ ilé rẹ. Obìnrin ló ń pọn ọtí nílẹ̀ wa. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ọtí tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà: wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á bò ó kí ó lè hù, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì jẹ́ kó kan. Híhù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, torí òun ló ń fún ọkà ní ohun tó máa sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, ṣúgà yẹn sì ni yíìsì máa jẹ tó fi máa di ọtí. Ìyàtọ̀ tó wà níbí ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ti bá ọ mú un hù, wọ́n ti bá ọ sá a. Jámánì náà sì rí obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1907, nígbà tí Mathilde Schneider ń darí ilé ọtí ìdílé Schneider ní Munich, ni wọ́n kọ́kọ́ pọn Aventinus, bíà àlìkámà tó le, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 8.2 nínú ọgọ́rùn-ún lónìí. Wọ́n ṣì ń tà á. Ra ìgò kan kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnu rẹ lè mọ ibi tí èyí tó le ń lọ.

Ohun tí o máa rà kò pọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta èròjà bíà, béèrè fún pọ́n-ùn 6 àlìkámà tí wọ́n ti mú hù (malt ni wọ́n ń pè é), pọ́n-ùn 4 ọkà báálì tí wọ́n ń pè ní Pilsner malt, àti ìlàjì pọ́n-ùn èèpo ìrẹsì. Ní kí wọ́n bá ọ fọ́ ọkà náà. Fífọ́ ni o, kì í ṣe lílọ̀ kúnná. Má fojú kéré èèpo ìrẹsì. Àlìkámà kò ní èèpo lára bíi ti ọkà báálì, èèpo ló sì ń jẹ́ kí omi rí àyè gbà kọjá láàárín ọkà. Bí o bá fi í sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dì pa ní ìsàlẹ̀ kúlà, o máa ṣí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, kò ní sí ohun tó máa jáde. Kúlà tí a ń kó mínírà sí lóde àríyá ló dára jù fún pípo ọkà, èyí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, kí o sì tẹ́ àpò aṣọ olójú wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Ra tẹmómítà, kí o ra háídrómítà, ohun èlò onígíláàsì tó ń léfòó nínú omi tó ń sọ bí ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Láìsí ìyẹn, àbá lásán lo ń dá.

Iná gáàsì ńlá tí a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù níta máa tó ọ lò. Ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù ńkọ́? Ó lè ṣe é, bí o bá lè fọ̀ ọ́ débi pé omi kò ní ṣẹ́ jọ sí ibì kan lára rẹ̀ mọ́. Òróró ni ọ̀tá ìfófó bíà. Òróró ata tó sápamọ́ sí etí ìkòkò tó láti jẹ́ kí bíà rẹ dúró nínú ife láìní fóòmù lórí, bíà àlìkámà tí kò sì ní fóòmù kò yàtọ̀ sí oje. Tèmi ni pé kí o ra ìkòkò méjì tí kò ní mọ ata rí láyé, èyí tó ń gba gálọ́ọ̀nù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi ẹ̀rọ ìjọba ní oògùn apakòkòrò nínú, oògùn náà sì máa ń fún bíà ní òórùn ilé ìwòsàn. Fọ́ ìdajì hóró Campden sínú gálọ́ọ̀nù 10 omi tí o máa lò, wàhálà yẹn parí. Gbé gálọ́ọ̀nù 4 àti ife 3 ka iná títí yóò fi gbóná dé 163 ní ìwọ̀n Fahrenheit, dà á sínú kúlà, kí o wá máa da ọkà àti èèpo ìrẹsì sí i díẹ̀díẹ̀ bí o ti ń rò ó. Má jẹ́ kó ní kókó. Bí o bá rò ó tán, tẹmómítà yẹ kó wà ní nǹkan bíi 152, ìyẹn 67 Celsius. Bo kúlà náà kí o fi wákàtí kan sílẹ̀ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi náà á funfun, á rí bí ìyẹ̀fun ṣe ń rí. Tó bá fi máa tó wákàtí kan, ó ti dán, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná ti gba gbogbo gáréèjì.

Ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà díẹ̀. Omi tó bá kọ́kọ́ jáde á ní ìdọ̀tí ọkà, bù ú padà sórí ọkà jẹ́ẹ́jẹ́ títí tí èyí tó ń jáde fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gbà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mímọ́. Ọkà máa mu lára omi náà, kò ní tú u sílẹ̀, nítorí náà nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 3 ni wàá rí. Èyí ni omi àkọ́kọ́. Pa ẹnu ẹ̀rọ, da gálọ́ọ̀nù 5 omi tó gbóná dé 170 sórí ọkà kan náà, rò ó dáadáa, sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí o tún gbà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Omi kejì nìyẹn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti fetí sílẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí o bá fi háídrómítà wọn bọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì lẹ́yìn tó bá tutù, omi àkọ́kọ́ á sún mọ́ 1.084, omi kejì á wà ní nǹkan bíi 1.016. Omi lásán jẹ́ 1.000, ṣé o rí bí àlàfo wọn ti pọ̀ tó? Bí o bá pọn wọ́n bẹ́ẹ̀, èyí tó le á le kọjá ohun tí o fẹ́, èyí tó fúyẹ́ á sì di omi tí wọ́n kàn fi bíà hàn. Kò ki lẹ́nu, kò ní adùn, ẹni tó bá mu ún á rò pé àjẹkù lo bù fún òun. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi omi kìíní àti omi kejì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n máa ń pín wọn mọ́ra ni.

Báyìí ni kí o ṣe pín in. Nínú ìkòkò èyí tó le, da gálọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ nínú omi àkọ́kọ́, kí o fi gálọ́ọ̀nù kan àbọ̀ omi kejì lé e. Ìdajì gálọ́ọ̀nù tó ṣẹ́kù nínú omi àkọ́kọ́, ìkòkò èyí tó fúyẹ́ ló ni ín, kí o wá da ìyókù omi kejì lé e lórí, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ti ní gálọ́ọ̀nù 4. Bí wọ́n bá hó fún wákàtí kan, tí wọ́n sì fà dé gálọ́ọ̀nù 3, èyí tó le á sún mọ́ 1.078, èyí tó fúyẹ́ á sún mọ́ 1.033. Ní ọjọ́ mímu, ìyẹn á fún ọ ní bíà tí ọtí inú rẹ̀ ń lọ sí ìdá 8, àti òmíràn tó fi díẹ̀ ju ìdá 3 lọ.

Bàbá àwọn ọmọ á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nígbà tí o bá ń ṣe ìpín yìí. Á ní kí lo fẹ́ fi omi dáadáa ṣe nínú ìkòkò ìyẹn, á ní kí o dà á sí èyí tó le pátá. Má gbà. Ìdajì gálọ́ọ̀nù yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí èyí tó le padà, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀mí èyí tó fúyẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè pọn bíà tó le, ọkà púpọ̀ ló gbà. Èyí tó fúyẹ́ tó sì dùn ni wọ́n fi ń mọ ọlọ́wọ́ ọtí. Bí ìwọ̀n rẹ bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, má jáyà: jẹ́ kí ìkòkò èyí tó le hó pẹ́ díẹ̀ sí i bó bá fẹ́lẹ́ jù; ní ti èyí tó fúyẹ́, ra ìyẹ̀fun malt àlìkámà gbígbẹ kí o fi ìdajì pọ́n-ùn sí i, ó máa gbé e sókè ní nǹkan bíi 0.007 lórí háídrómítà.

Hops, òdòdó kíkorò tí a ń sè mọ́ bíà, kò gbọdọ̀ pọ̀ nínú bíà àlìkámà. Ti Hallertau ni kí o rà. Fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúnsì sí èyí tó le nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí ti èyí tó fúyẹ́ má tó ìdajì áúnsì. Dúró ti ìkòkò ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ o, torí ó máa ń ru sókè lójijì, bó bá sì dà sí ara iná gáàsì, fífọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí o bá ní ajá, má jẹ́ kó dé ibi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ hops; májèlé ni fún ajá. Èérí ọkà tó wà nínú kúlà kò ní hops, ìyẹn ni kí o fún ẹni tó ń sin adìyẹ ní àdúgbò, tàbí kí o jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ gbẹ nínú ààrò kí o pò ó mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Láti ìgbà tí o bá ti pa iná, ohunkóhun tó bá máa kan bíà náà gbọ́dọ̀ mọ́ lọ́nà tó ju ti abọ́ oúnjẹ lọ. Oògùn Star San ni kí o fi ṣan gbogbo rẹ̀, títí kan ọwọ́ rẹ. Fi ìkòkò jókòó sínú omi yìnyín kí ó tètè tutù dé 65 tàbí níbẹ̀, kí o dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí, kí o wá fi yíìsì sí i. Yíìsì bíà àlìkámà ti Jámánì ni kí o rà, kì í ṣe ti búrẹ́dì. Òun ló ń fa òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti kànáfùrù tí o máa gbọ́ nínú ife, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kànáfùrù sí i. Odindi páálí kan fún èyí tó le, ìdajì fún èyí tó fúyẹ́.

Ooru Georgia ló wá kù. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, gáréèjì kò ṣeé gbé bíà sí. Bí yíìsì bá ṣiṣẹ́ nínú ooru tó ju 75 lọ, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, orí á sì máa fọ́ ẹni tó bá mu ún lọ́jọ́ kejì. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú agbada omi nínú ilé, kí o máa pààrọ̀ ìgò omi dídì láti inú fírísà láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín 64 sí 68 ni kó wà. Yíìsì àlìkámà sì máa ń fófòó gan-an: fi rọ́bà láti ojú ihò ìdérí lọ sínú ìgò omi, kí fóòmù rí ibi gbà, àìṣe bẹ́ẹ̀, ìdérí lè fò lóru kí o bá bíà lára àjà.

Èyí tó fúyẹ́ á parí ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó le á gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ló máa sọ fún ọ, háídrómítà ni. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá wà lójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ó ti tán. Bí o bá kó o sínú ìgò kó tó tán, ìgò lè bú gbàmù, èérún ìgò kò sì mọ ojú ọmọ yàtọ̀. Sè áúnsì 3 ṣúgà funfun nínú omi díẹ̀ fún gálọ́ọ̀nù 3 kọ̀ọ̀kan, pò ó mọ́ bíà jẹ́ẹ́jẹ́, kó o sínú ìgò tó nípọn, dé e, kí o fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé kó tó wọ fírííjì. Lẹ àmì sára ìgò kọ̀ọ̀kan o. Nínú ife, méjèèjì lè jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò rẹ kò ní mọ èyí tó mu títí yóò fi dìde.

Èyí tó fúyẹ́, ẹ tètè mu ún, torí nígbà tó ṣì tuntun ló dùn jù. Èyí tó le lè dúró di Kérésìmesì, á tún dára sí i. Nígbà tí o bá ń bù ú, tú u sínú ife gíga títí tó fi kù díẹ̀, kí o mi ìyókù inú ìgò kí yíìsì tó wà nísàlẹ̀ lè gbéra, kí o wá dà á lé e. Ẹja díndín àti súyà máa ń bá èyí tó fúyẹ́ lọ. Èyí tó le, ẹran àsun ni.

Ẹni tí àlìkámà kì í bá lára mu, má fún un ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọkà bàbà kò ní ohun tó ń dà á láàmú yẹn, a sì mọ̀ pé ó ṣeé pọn: lọ́dún 1988 tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de malt ọkà báálì láti òkè òkun, ọkà bàbà ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ilé wa sá bá. Bí ìjọ rẹ bá sì ní kí o má mu, èmi kò wá dá ìjọ rú. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan èyí tó fúyẹ́ pàápàá, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 náà kò gbọdọ̀ mu ún.

Wọ́n á máa bẹ̀ ọ́ pé kí o bá àwọn pọn fún ọjọ́ ìbí ogójì ọdún, àwọn á san owó rẹ̀. Fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má gba kọ́bọ̀. Òfin tó gbà ọ́ láàyè láti pọn ọtí nílé kò gbà ọ́ láàyè láti tà á.